Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Rọ́bà Abẹ́ Síǹkì

Ẹ̀yin àgbà ẹbí wa, ẹ̀yin àna wa tí ẹ jókòó sí apá ọ̀hún tí ẹ kò tíì fọwọ́ kan omi tí a gbé síwájú yín, mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ kí Bàbá Àgbà tó kéde ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí. Mo mọ̀ pé mo kéré sí ẹni tí ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni ẹ pè lẹ́jọ́. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́. Ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni ó to àga tí ẹ jókòó lé láàárọ̀, tí ó ń kí yín káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá mi dúró. Bí mo bá dúró láàárín ọ̀nà, ẹ̀rù lè bà mí, n ó sì tún wá irọ́ mìíràn tí ó dùn ún gbọ́ fi dípò òtítọ́. Mo mọ ara mi. Mo mọ irọ́ ọ́ pa ju bí ẹ ti rò lọ.

Ẹ̀yin àna wa kò gbé inú ilé yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á láti ìbẹ̀rẹ̀. Kànga ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn ilé ni omi wa ti ń wá. Ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó ní iyọ̀. Bí ẹ bá ṣí kẹ́tùlù wa wò, ẹ ó rí ohun funfun kan tí ó ti gan mọ́ inú rẹ̀, tí ọ̀bẹ kò lè ha kúrò. Ọṣẹ kì í hó nínú omi náà. A ti ń mu ún tipẹ́, a kò kà á sí. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ Màmá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ó mú wọn lọ rí dókítà, èmi kò bá wọn lọ, Bọ̀dá mi náà kò ráyè. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní dókítà sọ pé kí Màmá jìnnà sí iyọ̀, nínú oúnjẹ àti nínú omi. Ó ní a gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ asẹ́mi, kì í sì í ṣe èyíkéyìí, bí kò ṣe irú tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Áà-Ó, tí ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kan kọjá, tí awọ náà ń dá iyọ̀ dúró sẹ́yìn. Ó ní asẹ́ eléèédú tí wọ́n ń tà káàkiri ń yọ òórùn lásán ni, kò lè yọ iyọ̀. Òtítọ́ ni. Kẹ́místírì ni mo kà ní yunifásítì, mo mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, n kò sọ lọ́kàn mi pé òtítọ́ ni. Ohun tí mo bi ara mi ni pé, ta ni ó kọ́ ọ ní gbogbo eléyìí?

Bọ̀dá mi sọ fún un pé, "Ìwọ ni o bá Màmá lọ sí ilé ìwòsàn, ìwọ ni kí o bá wa wá ẹ̀rọ náà." Mo ní, "Bọ̀dá, èmi ńkọ́? Ṣebí iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ kẹ̀? Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ, o ó kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀ kí a tó rí omi mu." Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má fi akọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ni yóò bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó rà á." Akọ̀wé ni ó ń pè mí láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé wa. Inú rere ni ó fi sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ní ọjọ́ náà, ojú àánú ni mo rò pé ó fi ń wò mí: ọmọ tí ó kàwé jáde, tí kò tíì ríṣẹ́, tí ó wà nílé láti àárọ̀ tí ó ń dá àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò lóhùn. Ẹni tí ń ta aṣọ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù ni yóò yan ohun tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlara ni. N kò ní wá orúkọ tí ó lẹ́wà fún un.

Ó mú ọkùnrin kan wá tí wọ́n jọ ka ìwé girama. A kò pe ọkùnrin náà ní orúkọ mìíràn ju Alásẹ́ lọ. Bàtà rẹ̀ ń dán ju bàtà ẹni tí ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ síǹkì àwọn èèyàn lọ, lọ́fínńdà rẹ̀ sì ti gba pálọ̀ kan kí òun fúnra rẹ̀ tó jókòó. Kíá ni mo ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Mo ti kà nípa àwọn oníjìbìtì tí ń ki irin méjì oníná bọ inú ife omi, tí omi náà yóò pọ́n bí ìpẹtà, tí wọn yóò ní ìdọ̀tí tí ẹ ń mu nìyẹn, nígbà tí ó jẹ́ pé irin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹrà sínú omi. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń retí irin méjì yẹn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó fi dójú tì í sí ẹnu. Kò yọ irin kankan. Mítà kékeré kan tí ó dà bí pẹ́ẹ̀nì ni ó yọ, ó tì í bọ omi wa, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn wá. Ó ní, "Mítà yìí kò lè sọ bóyá májèlé wà nínú omi. Ohun tí ó yòrò sínú rẹ̀ ni ó ń wọ̀n, iyọ̀ ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá ní àyè, ẹ gbé omi yìí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò kí ẹ tó ra ohunkóhun lọ́wọ́ mi." Oníṣòwò tí ó ní kí a má tíì ra ọjà òun. Ẹlòmíràn yóò yìn ín. Èmi sọ lọ́kàn mi pé, eléyìí ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó mọ̀ pé bí òun bá ní kí a má rà á, kíá ni a ó rà á.

Mo da ìbéèrè bò ó. Mo bi í léèrè ohun tí a fẹ́ fi pọ́ńpù ṣe nígbà tí àwọn kan wà tí kò ní. Ó ní, "Omi tí ń wọ ilé yín kò lágbára. Láìsí pọ́ńpù, ńṣe ni yóò máa kán tó, tó, tó, bí ẹni tí wọ́n fipá mú sọ̀rọ̀." Mo ní kí ni ó dé tí kò fi ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń dà nù pamọ́ fún wa, nítorí àwọn yòókù kì í mẹ́nu bà á. Ó ní, "Kí n fi í pamọ́ ṣe kí ni? Ṣebí ẹ ó rí i nígbà tí ó bá ń dà. Ẹ máa fi fọ balùwẹ̀. Ẹ kàn má fi bomi rin ewébẹ̀, iyọ̀ yóò pa á." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Bọ̀dá mi, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé àbúrò yín fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni, kí n tètè máa lọ?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni ọkàn mi ń le sí i.

Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, ìyàwó wa sìn ín dé ẹnu géètì. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Mo gbọ́ tí ó rẹ ohùn sílẹ̀, tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí tí mo fi ń kánjú. Ẹ ṣáà bá mi ṣe é kíákíá." Ọkùnrin náà ní, "Mo ti gbọ́. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ìyàwó wa nu ojú kí ó tó padà wọlé. Mo rí ojú tí ó nù yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbí, kí ni ẹ̀yin ìbá rò? Mo rò pé wọ́n fẹ́ pín nǹkan láàárín ara wọn. Mo rò pé òógùn ni ó nù. N kò bi í. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Ìyàwó wa, kí ni ẹ ń bá a sọ?", ìbá gba gbogbo wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fẹ́ràn ìfura rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn.

Alásẹ́ gbé ẹ̀rọ náà wá, ó sì so ó mọ́ abẹ́ síǹkì. Ó pe gbogbo wa sí kíṣìnì. Èmi ni mo súnmọ́ ọn jù, mo ń wá ibi tí ó ti máa ṣi ọwọ́. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì hàn mí lára ilé awọ asẹ́ náà. Ó ní èyí funfun ni ó ń gbé omi tí ó ti mọ́ lọ sínú táńkì kékeré tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí dúdú ni ó ń gbé omi iyọ̀ lọ dà nù. Ó ní, "Ẹ ò ní fi ọwọ́ kan àwọn méjèèjì yìí o. Bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ wọn, omi tí ó yẹ kí a dà nù ni yóò kún táńkì." Mo ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ?" Ó tẹ òrùka kékeré kan sílẹ̀, ó fa rọ́bà náà, ó yọ, ó sì tì í padà. Ó fi sùúrù kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó da omi táńkì àkọ́kọ́ nù, ó ní ti ìfọ̀ ni. Nígbà tí omi mìíràn kún, ó ti mítà bọ̀ ọ́, nọ́ńbà náà sì wálẹ̀ débi pé Bọ̀dá mi fa mítà gbà láti wò ó fúnra wọn. Alásẹ́ fi mítà náà sílẹ̀ fún wa, kí a lè máa wọn omi wa. Màmá tọ́ omi náà wò. Wọ́n ní, "Omi yìí kò ládùn. Ó dà bí ẹni mu afẹ́fẹ́." Ìyàwó wa ní, "Màmá, bí a ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn." Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀ tí mo lè mú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ẹ gbọ́ èyí: inú mi bàjẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Mo ronú sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí mo ṣe ń bá ara mi sọ ọ́ ni pé jìbìtì wà níbẹ̀ dájúdájú, àwọn méjèèjì kàn gbọ́n ju kí wọ́n fi ẹ̀rí sílẹ̀ lọ. Òtítọ́ ti wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rí ni kò sí. Bí mo bá wá ṣe ẹ̀rí náà fúnra mi, kí ni mo ṣe ju pé mo ran òtítọ́ lọ́wọ́? Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn létí. Ìwé tí mo kà ni ó kọ́ mi bí a ti ń to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Bọ̀dá mi wà níbi iṣẹ́, tí ìyàwó wa wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí Màmá sì ń sinmi, mo kúnlẹ̀ síwájú síǹkì. Mo da omi inú táńkì nù. Mo tẹ òrùka méjèèjì sílẹ̀ bí ó ti kọ́ mi, mo fa rọ́bà funfun, mo fa rọ́bà dúdú, mo sì ti ọ̀kan bọ ipò èkejì. Pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo jókòó sórí ilẹ̀ kíṣìnì, mo ń gbọ́ bí omi iyọ̀ ti ń kún táńkì omi ìyá mi.

Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà jókòó. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lè fi mí ṣe ohun tí ó bá wù yín.

Kí ẹnikẹ́ni tó dé, Màmá jí, wọ́n wọ kíṣìnì pẹ̀lú ife wọn. N kò tíì ronú kan ìyẹn. Nínú gbogbo ètò mi, mítà ni mo rí, ojú Alásẹ́ ni mo rí, n kò rí ife Màmá. Wọ́n ṣí táàpù, wọ́n bu omi, wọ́n mu. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Hẹ̀n, ó ti ń ládùn díẹ̀ lónìí. Ó jọ pé ẹ̀rọ náà ti ń mọ̀ mí." Wọ́n tún bu òmíràn. Mo lè sọ pé, "Màmá, ẹ má mu ún." Gbólóhùn kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, n ó ní láti sọ ìdí rẹ̀, ìyàwó wa yóò sì borí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa.

Nígbà tí Bọ̀dá mi dé, mo pè wọ́n sí kíṣìnì, mo fi mítà hàn wọ́n. Nọ́ńbà náà ju ti omi kànga lọ. Wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n tún un wọ̀n. Ìyàwó wa ní, "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n kí n tó jáde láàárọ̀." Mo ní, "Ìyàwó wa, bóyá ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka mítà ni." Ó wò mí. Ó gbà mí gbọ́, ẹ̀yin àna wa. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ọmọ yín gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni akọ̀wé. Wọ́n pe Alásẹ́. Kí ó tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dá rọ́bà méjèèjì padà sí ipò wọn nígbà tí àwọn ará ilé ń wẹ̀. N kò da omi inú táńkì nù. Alásẹ́ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀lé rọ́bà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka, ohun gbogbo wà bí ó ti fi í sílẹ̀. Ó wọn omi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde, ó ní, "Ọ̀gá, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Ẹ jẹ́ kí n da omi inú táńkì yìí nù, kí a jọ wọn èyí tí ó bá tẹ̀ lé e." Òótọ́ gan-an ni ó ń wá. Bí ó bá da omi náà nù, nọ́ńbà yóò wálẹ̀, àṣírí yóò tú. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ̀rí ni ó fẹ́ dà nù yẹn." Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀dá mi ní, "Tú ẹ̀rọ rẹ kúrò nílé mi kí n tó pe ọlọ́pàá." Ọkùnrin náà kò jà. Ó yíjú sí ìyàwó wa, ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ mi, n kò mọ̀ ọ́n o." Bọ̀dá mi sọ fún àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n ṣọ́ra fún un, àwọn tí ó fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ sì fà sẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, èmi ni wọ́n fi yíyan ẹ̀rọ mìíràn lé lọ́wọ́. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ gbà. Mo sì yàn, mo yàn, n kò lè yan tán. Èyí tí wọ́n mú wá, mo ní awọ asẹ́ rẹ̀ kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára. Òmíràn, mo ní pọ́ńpù rẹ̀ ń pariwo jù. Òmíràn ní ìwé ẹ̀rí, mo ní ta ni ó tẹ̀ ẹ́. Mo ti mọ bí ó ti rọrùn tó láti fi ẹ̀rọ purọ́, nítorí náà n kò gba ẹ̀rọ kankan gbọ́ mọ́. Ìyàwó wa ń bẹ̀ mí. Ó ní, "Akọ̀wé mi, èyíkéyìí tí ó bá ṣáà ti yọ iyọ̀, ẹ jẹ́ kí a rà á." Mo ní, "Ìkánjú yín yìí náà ni ó kó wa sí wàhálà níjọ́sí." Ó ń ra omi inú ike wá fún Màmá láti ibi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì sọ fún Bọ̀dá mi pé ńṣe ni ó fẹ́ fi ra ojú rere padà. Màmá ń mu omi náà lójú rẹ̀. Bí ó bá ti jáde, táàpù ni wọ́n ń ṣí, nítorí pé ti kànga ládùn. Mo rí wọn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni Màmá ṣubú ní balùwẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ni dókítà ti bi Bọ̀dá mi bóyá wọn kò mọ̀ pé kíndìnrín ìyá wọn ti ń ṣe àìsàn tipẹ́. Ìyàwó wa mọ̀. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ mú wọn lọ ni dókítà ti sọ ọ́, Màmá sì dì í lọ́wọ́ mú pé, "Má sọ fún àwọn ọmọ mi. Ọkàn wọn kò ní gbé e." Ìdí tí ó fi ń kánjú nìyẹn. Ohun tí ó ní kí Alásẹ́ má sọ nìyẹn. Ẹkún ni ó ń nù lójú ní ẹnu géètì. Bọ̀dá mi kò gbọ́ ìyókù. Wọ́n ní, "O mọ̀, o fi pamọ́ fún mi, o tún wá mú oníjìbìtì wá sí ilé mi." Ẹ̀sùn méjèèjì tí ẹ pé jọ lé lórí lónìí nìyẹn. Dókítà ní kò sí ẹni tí ó lè wọn ohun tí omi fi kún àìsàn náà, pé ó ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó ra ẹ̀rọ kankan. N kò ní sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ ohun tí mo bù fún wọn.

Ẹ̀rọ ni ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ Màmá báyìí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, mo jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, mo rí àwọn òpó funfun mẹ́rin lẹ́yìn gíláàsì, pẹ̀lú pọ́ńpù tí ń kùn. Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè. Ó ní, "Ẹ̀rọ asẹ́mi ni, Áà-Ó ni. Omi tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni níbí." Mo dìde, mo lọ wò ó. Irú awọ asẹ́ kan náà ni, ó kàn tóbi ni. Páìpù kan ń gbé omi tí ó mọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, èkejì ń gbé ìyókù lọ dà nù. Mo padà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Wọ́n ní, "Kí ni o lọ ń wò níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ kọ ìwé lórí rẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ lè rò pé mo ti sọ èyí tí ó burú jù. Ó kù. Nígbà tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, ìyàwó wa wà níbẹ̀, Bọ̀dá mi kò jẹ́ kí ó wọlé. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀. Ẹni tí ó jù mí lọ, tí ó ti bímọ, kúnlẹ̀ fún mi lójú àwọn àlejò tí ń kọjá. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin rí i pé irọ́ ni ẹ̀rọ náà, èmi kò rí i. Èmi ni mo mú ọ̀rẹ́ mi wọlé wá pa Màmá." Ó ti gbà pé òun ni. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀. Mo nawọ́ gbé e dìde, mo sì sọ fún un pé, "Mo ti dárí jì yín." Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó ní àánú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá Alásẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣáájú ìpàdé yìí, mo sọ fún un. Ó jókòó. Ó wá ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́." Ó ní n kò gbọdọ̀ wá bẹ òun mọ́, àfi bí mo bá ti sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti lé òun jáde. Ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́ nìyí. Mo sọ fún Màmá láàárọ̀ yìí, wọ́n wà nínú yàrá, wọ́n ń gbọ́ mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ìyàwó mi ti gbọ́?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Kí ni o wá dúró tì mí fún?"

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti lọ sí yunifásítì, ìbínú sí ìwà ìbàjẹ́ dára, n kò ní kí ẹ má bínú. Oníjìbìtì pọ̀ níta, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta afẹ́fẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé inú yín bàjẹ́ nítorí pé ẹni tí ẹ fura sí kò jẹ̀bi, ẹ sá kúrò níbẹ̀. Ìwé tí ẹ bá kà yóò bá yín ṣe ohunkóhun tí ẹ bá rán an, kò ní bi yín bóyá ó dára.

Bàbá Àgbà, Bọ̀dá mi, bí ẹ bá ní kí ẹnìkan kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé yìí lónìí, èmi ni. N kò ní bẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn. Ẹ bá mi pe Alásẹ́ padà lójú àwọn ará àdúgbò tí ẹ kìlọ̀ fún nípa rẹ̀. Ẹ̀yin àna wa, ọmọ yín pa àṣírí ìyá wa mọ́ bí ọmọ ti ń ṣe, ìyà tí ó yẹ mí ni ó sì ń jẹ. Ìyàwó wa, mo kúnlẹ̀ síwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lóhùn. Mo mọ̀ yín, ẹ ó ní ẹ ti dárí jì mí kí ara lè tu àwọn àgbà yìí, nítorí pé ilé ọkọ ni ẹ wà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ fẹ́ máa sùn, nílé yìí tàbí nílé òbí yín. Ẹ kọ́kọ́ bínú sí mi dáadáa, kí ẹ pè mí ní ohun tí mo jẹ́. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ẹ ń bẹ̀rù mọ́, tí ẹ bá wò mí tí ẹ ní ẹ kò lè dárí jì mí, n ó gbà á. Bí ẹ bá sì ní ẹ dárí jì mí ní ọjọ́ náà, n ó mọ̀ pé òótọ́ ni.